Bí Ọmọ Ṣe Ń Dàgbà Ni Ike Ń Gòkè

Ọmọ mi ò tètè rìn, inú mi sì ń dùn sí i. N ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Tí àwọn ará ilé wa ní Isikan l'Àkúrẹ́ bá bi ìyàwó mi pé ṣé ọmọ yìí ò tíì fẹ́ rìn ni, ojú á tì í díẹ̀, á ní ọmọ òun wúwo ni. Mo mọ ohun tó wà nínú yàrá wa, mo sì mọ̀ pé ọjọ́ tó bá rìn, kò ní sí ibi tí n óò gbé nǹkan ọ̀hún sí mọ́.

Kòkó fífín ni iṣẹ́ mi. Kíláàsì kẹta ní girama ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, mo ra pọ́ǹpù tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn olóko fín kòkó ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ àti Ìjù. Olóko ló ń ra oògùn, èmi ni mò ń pò ó. Ìdérí méjì ni wọ́n ní ká máa bù sí omi pọ́ǹpù kan. Ìdérí kan ni mo máa ń bù. Ìdérí kejì ń lọ sínú ike ẹlẹ́rìndòdò tó wà nínú báàgì iṣẹ́ mi. Tí ike bá kún, àwọn tí oko wọn ò tó nǹkan, tí apá wọn ò ká odidi agolo, á rà á lọ́wọ́ mi. Mo máa ń sọ fún ara mi pé kì í ṣe olè, pé àjẹkù ni. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ náà ṣe é lójú mi.

Nígbà tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ike náà wà, lẹ́yìn pátápátá lẹ́bàá ògiri. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ìyàwó mi ń gbálẹ̀, ó rí ẹsẹ̀ ọmọ méjì tó yọ síta lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fà á jáde. Ọmọ náà gbá ike mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọláńgidi, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe mọ̀ pé ó ti ń rá nìyẹn.

Ìyàwó mi bi mí pé, “Bàbá ọmọ, kí lẹ gbé síbẹ̀ yìí?”

Mo ní oògùn iṣẹ́ ni. Ó ní kí n gbé e kúrò nínú ilé. Mo ní tí mo bá gbé e síta, wọn á jí i. Èmi olè, ẹ̀rù olè ń bà mí. Mo gbé e sórí tábìlì. Kò pẹ́ tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹsẹ̀ tábìlì mú láti dìde, mo sì gbé e lọ sórí wọ́díróòbù. Gbogbo ohun tí àwọn òbí mìíràn ń yọ̀ sí, èmi ń fojú wọ̀n ọ́n ni. Tó bá na ọwọ́, mo máa ń wo ibi tí ìka rẹ̀ dé.

Òkè wọ́díróòbù yẹn sún mọ́ páànù, ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìgbà tí mo gbé ike náà sọ̀ kalẹ̀, ìdérí rẹ̀ ti là. Mo fi ọ̀rá bo ẹnu rẹ̀, mo fi rọ́bà so ó, mo kì í sínú báàgì iṣẹ́, mo sì kan ìṣó gíga kan sára ògiri láti fi gbé báàgì kọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni eyín ọmọ di mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ìyàwó mi ń ki ìka sí i lẹ́nu, tó bá bù ú jẹ, á pariwo, àwọn méjèèjì á sì jọ máa rẹ́rìn-ín. Ó ní kí èmi náà ki ìka mi sí i. Eyín yẹn mú.

Ìyá ìyàwó mi wà ní Oǹdó. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì. Kò fi ìwé tí n kò kà ṣe yẹ̀yẹ́ mi rí. “Ẹ” ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, bí mo tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un títí ikùn mi fi kan ilẹ̀. Ó ránṣẹ́ pé ká gbé ọmọ wá, pé ó ti pé ọdún kan àti oṣù méjì, kí wọ́n gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì òun. Ẹnì kan ní Oǹdó náà ti ní òun máa gba ike oògùn yẹn lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ Ajé. Mo gbé báàgì náà dání. Nínú pálọ̀ màmá, mo wo gbogbo ara ògiri. Fọ́tò àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ àtijọ́ kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìṣó kan tó ṣófo. Mo ti báàgì bọ ẹ̀yìn àga ńlá.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, àwọn obìnrin mẹ́ta láti ṣọ́ọ̀ṣì bá wa délé. Màmá ṣí ẹlẹ́rìndòdò fún wọn. Ìyàwó mi da díẹ̀ sínú ìdérí, ó fi kan ọmọ lẹ́nu, ọmọ náà lá a, ó ń na ọwọ́ sí ike pé òun ń fẹ́ sí i. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan nínú àwọn àlejò bèèrè ìgbà tí ọmọ máa rìn. Màmá ní, “Òní ni. Ọmọ tó bá fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Oǹdó, yóò rìn. Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ lẹ ń fi oorun kọ́ ọ.” Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó mi gbé e dúró láàárín pálọ̀, ó sún sẹ́yìn, ó na ọwọ́ sí i. Màmá na ọwọ́ tiẹ̀ ní apá kejì. Wọ́n ń sọ pé, “Tẹ̀ẹ́tẹ́, tẹ̀ẹ́tẹ́.” Mo yọ fóònù, mo ń ká a sínú fídíò. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó mì, ó gbé ìkejì. Ó rin ìṣísẹ̀ méje. Àtẹ́wọ́ gba ilé kan.

Fídíò náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. N kò tíì lè pa á rẹ́. Ẹni tí kò bá mọ nǹkan kan yóò wò ó, yóò sì yọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ò lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kò lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Àárín àwọn méjèèjì ló gbà kọjá, ó forí lé àga ńlá yẹn, ó sì na ọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbá a mú lẹ́yìn, ó gbé e sókè. Èmi tí mo di fóònù mú, mo rí i. Mo sọ lọ́kàn mi pé tí àlejò bá lọ, n óò gbé báàgì yẹn kúrò níbẹ̀.

Àlejò lọ. Ìyàwó mi bá ìyá rẹ̀ lọ gún iyán lẹ́yìn ilé. Mo gbé ọmọ sílẹ̀ nínú pálọ̀, mo bọ́ síta síwájú ilé, nítorí ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Mo ń fi fídíò náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n ń kí mi kú oríire, èmi náà ń dá wọn lóhùn. Mò ń gbọ́ ìró ọmọ odó lẹ́yìnkùlé. Àwọn rò pé ọmọ wà lọ́dọ̀ mi, wọn ò sì ṣìnà, ọ̀dọ̀ mi ló yẹ kó wà.

Ikọ́ ni mo gbọ́. Lẹ́yìn náà ni òórùn yẹn kàn mí nímú, tí mo mọ̀ bí mo ṣe mọ òórùn ara mi. Mo wọlé, ọmọ jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn àga, ike wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tutù. Ọ̀rá tí mo fi bo ẹnu ike ti ya. Ojú eyín mẹ́rin wà lára rẹ̀.

Mo sáré gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, mo ní kí wọ́n fún mi ní epo pupa. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn: ẹni tó bá gbé májèlé mì, epo ni. Èmi fúnra mi ni mo di orí rẹ̀ mú, tí mo da á sí i lẹ́nu. Ó bì, ó wúkọ́, èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ìgbà tí omi há sínú páìpù. Ará ilé kejì fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì rí epo lára aṣọ, ó bèèrè ẹni tó fún un. Mo ní èmi ni. Ó ní epo yẹn lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, pé ó lè ṣe ohun tí oògùn fúnra rẹ̀ ò ṣe. Ti epo, mo jẹ́wọ́ kíá, nítorí gbogbo ayé ló ń ṣe é. Ìgbà tí dókítà bèèrè orúkọ oògùn ni ẹnu mi wúwo.

Mo ní alágolo pupa ni. Bí àwa tí a ń fín kòkó ṣe ń pè wọ́n nìyẹn, alágolo pupa, alágolo dúdú. Dókítà ní orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára lòun ń bèèrè, pé àwọn oògùn náà jọra, ìtọ́jú wọn ò jọra, òun ò sì fẹ́ máa méfò lórí ọmọ kékeré. Ó bèèrè ibi tí agolo rẹ̀ wà. Mo ní n ò mọ̀.

Mo mọ̀. Ó wà ní abà bàbá kan ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, lórí àjà, níbi tí mo ti máa ń gbé e tí mo sì máa ń dá a padà. Ṣùgbọ́n tí mo bá pe bàbá náà, n óò ní láti sọ bí oògùn rẹ̀ ṣe dé inú ike mi. Iye ìṣẹ́jú tí mo fi dúró, n ò mọ̀. Nọ́ọ̀sì bọ́ aṣọ ọmọ, ó fi omi wẹ̀ ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣan lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìgbà yẹn mo dúró, mò ń wo ilẹ̀.

Láti ọjọ́ tí a ti ṣègbéyàwó, “ẹ” ni ìyàwó mi fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ ò ga rárá. Ó ní, “Ìwọ. Kí lo rọ sínú ike yẹn?”

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe bàbá náà. Mo bi í bóyá ó wà nítòsí agolo oògùn kòkó rẹ̀. Ó ní, “Ulé lábà ni mo wà. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

Mo ní, “Ọmọ mi ló mu nínú rẹ̀, bàbá.”

“Nínú tèmi? Báwo ni tèmi ṣe dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ?”

“Mo máa ń jí i bù.”

Mo rò pé ó ti pa fóònù. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó fa àpótí nílẹ̀ sábẹ́ àjà, tí agolo sì dún. Kò lè ka gẹ̀ẹ́sì ara rẹ̀ papọ̀, ó ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, èmi sì ń fi báírò nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Lẹ́tà mọ́kànlá. Mo wọlé, mo ṣí ọwọ́ mi fún dókítà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la lò níbẹ̀. Oògùn náà kúrò lára rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. Epo tí mo fún un ló pẹ́ nínú àyà rẹ̀. Ìgbà tí a padà sí Isikan, ó ti gbàgbé ìrìn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìjókòó. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, ó dìde lọ́sàn-án kan, ó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ibi bẹ́ẹ̀dì. Èmi àti ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Títí di òní, tí ọyẹ́ bá ti dé, àyà rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún, a ó sì máa fetí sí i.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ó kọ́kọ́ bèèrè ọmọ. Lẹ́yìn náà ó mú mi wọ oko, ó fi àwọn kòkó tó ti bàjẹ́ lórí igi hàn mí. Ó ní, “Ìdérí kan lo ń bù fún mi. Èmi ń bá òjò jà, mo rò pé òun ló ń bà á jẹ́.” Kò fi ọlọ́pàá mú mi. Kò sì pè mí síṣẹ́ mọ́, òun àti gbogbo àwọn tó wà lábà yẹn. Mo ti ta pọ́ǹpù. Mò ń bá wọn da búlọ́ọ̀kù báyìí.

Ìyàwó mi ti padà sí “ẹ.” Kò bú mi rí. Ṣùgbọ́n kò sí ohun mímu kan nínú ilé wa tí kì í kọ́kọ́ gbé sí imú: omi, tíì, ògì. Á gbóòórùn rẹ̀, á dúró díẹ̀, kó tó gbé e fún ọmọ. Ó ti lé ní ọdún méjì tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà ti wọ jẹ́lé-ó-sinmi báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ rẹ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí n má bínú, ṣé a ń fún un ní ohun tó ti kan nílé ni. Ó ní kò jẹ́ mu omi láìjẹ́ pé ó gbóòórùn rẹ̀, pé ó tún ń gba ike omi àwọn ọmọ yòókù, á gbé e sí imú, á sì dá a padà fún wọn pé kí wọ́n máa mu. Ọmọ náà rò pé bí gbogbo èèyàn ṣe ń mu omi nìyẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún olùkọ́ náà, láti orí ìdérí kejì.

A délé, òùngbẹ ń gbẹ mí, mo bu omi. Ọmọ na ọwọ́, ó gba ife lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí imú, ó dúró díẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń dúró. Ó wo ojú mi. Ó dá a padà fún mi, mo sì mu ún.