Bí Mọ̀dínátù Ṣe To Ẹbí Wa

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Mọ̀dínátù. Ọláníyan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló fẹ́ ẹ wá sí Ìkọ̀tún. Ọláníyan kú kí ọmọ wọn tó já lẹ́nu ọmú. Láti ìgbà náà, yàrá Sìdíkátù, ìyá ọkọ rẹ̀, ni òun àti ọmọ ń sùn. Bẹ́ẹ̀dì kan, ẹní kan, fèrèsé tí kì í ṣí nítorí pé Sìdíkátù ò fẹ́ atẹ́gùn. Bí Mọ̀dínátù bá yí ara padà lórí ẹní, ìyá á ní, "Kí lò ń wá?"

Mọ̀dínátù fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ jáde. Sìdíkátù ò bá a jà. Ó kàn ní, "Ọ̀nà là. Ọmọ Ọláníyan ni kò lọ síbì kankan." Mọ̀dínátù jókòó. Tó bá di àárọ̀, á lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á padà wá síbẹ̀.

Ní 1998, ilé àtijọ́ wa ń wó. A kọ́ tuntun sẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá ò tó èèyàn. A ní kí àgbà mú tirẹ̀ kí àbúrò tó mú. Ẹni tí yàrá bá tán kó tó kàn, kó bá ẹlòmíì gbé.

Ta wá ni àgbà? Ẹni tó bá kọ orúkọ sílẹ̀, wọ́n á ní ọmọ ìyá rẹ̀ ló fi ṣáájú. Wọ́n fa ìwé ya. Àlàájì Àmúsà, olórí ẹbí, ní, "Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tí Mọ̀dínátù ń kọ́ tò wá. Ẹ̀rọ ò ní ọmọ ìyá."

Mọ̀dínátù gbà kíá. Yàrá kan ló ń wá, tí òun àti ọmọ rẹ̀ lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò wá ju ìyẹn lọ.

Mo bi í pé báwo ni irin ṣe máa mọ àgbà.

"Kò mọ̀ ọ́n, Bàbá. Tẹ́ ẹ bá kó nọ́ńbà fún un, ó mọ èyí tó kéré. Ṣùgbọ́n èèyàn kọ̀ọ̀kan tí mo kó sínú rẹ̀, bí ẹrù tí a dì ni. Orúkọ wà níbẹ̀, ọjọ́ ìbí wà níbẹ̀, orúkọ ìyá wà níbẹ̀. Tó bá gbé ẹrù méjì, á dúró. Èmi ni mo máa sọ ohun tó máa wò lára méjèèjì kó tó mọ èyí tó ṣáájú."

"Kí lo wá ní kó wò?"

"Ọjọ́ ìbí, sà. Òun náà lẹ kọ fún mi."

Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan míì fún un. Ohun tí gbogbo ilé mọ̀, ta ló ń kọ ọ́?

Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó mú un wá. Àmúsà ń kà, a ń gbọ́. Ó ka Mọ̀dínátù, ó wá ka Gàníyù. Gàníyù, àbúrò Ọláníyan, fò dìde.

"Ta ló ṣáájú ta? Ìyàwó wa! Èmi tí mo gbé kẹ́tùlù omi tí wọ́n fi wẹ ẹsẹ̀ rẹ lẹ́nu ọ̀nà!"

"Bùọ̀dá mi, ẹ má bínú. Mo fi ọdún méjì jù yín lọ ni."

"Ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn! Níbí, o bá mi nílé ni."

Ilé rẹ́rìn-ín. Àmúsà ò rẹ́rìn-ín.

"Ó tọ̀nà," ó ní. "Ọjọ́ tí èèyàn wọlé la fi ń mọ àgbà. Ẹni tí a bí síbí, ọjọ́ ìbí rẹ̀ ló wọlé. Ìyàwó, ọjọ́ tí a gbé e wá. Ṣé ẹ̀rọ rẹ máa gbọ́ ìyẹn?"

"Á gbọ́, sà."

Mọ̀dínátù ń bi ìyàwó kọ̀ọ̀kan léèrè ọjọ́ tó wọlé, ó ń kọ ọ́. Òun náà ló máa kọ tirẹ̀. Mo bá a lẹ́yìn ilé.

"Fi ọdún mélòó kan kún tìẹ jàre. Ṣé irin á bá ẹ jà ni?"

"Irin ò ní bá mi jà, Bàbá. Ṣùgbọ́n gbogbo yín lẹ jẹun níbi ìgbéyàwó mi."



Ó kọ òótọ́. Ẹ̀rọ tò wá. Nínú àwa àgbàlagbà, kò sẹ́ni tó wọlé lẹ́yìn Mọ̀dínátù, ó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Gbogbo wọn ní ó pé, ó pé. Àmúsà ṣàdúrà fún un pé Ọlọ́hun á jẹ́ kó jèrè ọgbọ́n rẹ̀. Ó ní àmín.

Sìdíkátù ti pẹ́ nílé, ó tètè kàn án. Yàrá tó tóbi jù ló mú. Ó ní, "Èyí á gba àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa." Yàrá tán kó tó kan Mọ̀dínátù. Ó ká ẹní ọmọ rẹ̀, ó tẹ̀ lé e.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Gàníyù gbéyàwó. Mọ̀dínátù fi orúkọ ìyàwó sínú ẹ̀rọ, òun fúnra rẹ̀ sì gòkè ní ipò kan. Yàrá Gàníyù ni ìyàwó ń sùn. Láàárọ̀, ó wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Sìdíkátù.

"Ẹ káàárọ̀ o, ìyálé mi."

Mọ̀dínátù dá a lóhùn láti inú yàrá.