Abẹ Bàbá Àgbà Kò Ní Kàn Mí

Nígbà tí mo ti ọsibítù dé, tí mo dùbúlẹ̀ sí yàrá màmá mi, òórùn èlùbọ́ láti ọjà Ìpata ní Ìlọrin ló máa ń kọ́kọ́ wọlé bá mi láàárọ̀. Ìwọ náà mọ agboolé wa, ilé kéwú ni, a kì í mu ọtí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti kárí pé ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe mí, wọ́n sì ń bi ara wọn pé ṣé ọtí ni mò ń mu ní Tánkẹ̀, níbi tí mò ń gbé láti lọ sí yunifásítì. Ọtí kẹ̀! Èmi tí n kò fẹnu kàn án rí! Inú bí mi ju àìsàn náà lọ.

Dókítà, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, ti ṣàlàyé fún mi. Iṣan ńlá kan ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ìfun lọ sí ẹ̀dọ̀. Inú rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ mi ti dì, tó dí ọ̀nà. Ní ti àwọn ẹlòmíràn, ẹ̀dọ̀ tó ti le ló máa ń fà á. Ẹ̀jẹ̀ àwọn mìíràn sì máa ń yá dì láti ìbí. Tèmi, àpẹ́ńdíìsì, ìfun kékeré kan nísàlẹ̀ ikùn, ló wú, tó kẹ̀, tó sì dá a sílẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n wá fún mi ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ó ní, "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín ọ ní gbẹ́rẹ́ o. Oògùn yìí ò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ tètè dá."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ló ń ṣe hìjámà fún agboolé: yóò sín èèyàn ní gbẹ́rẹ́ lẹ́yìn, yóò sì fi ife fa ẹ̀jẹ̀ jáde. Kò sẹ́ni tó ń kọ̀ fún un. Ó gbé abẹ àti ife wá bá mi lẹ́yìn ìrun Àsárì.

"Bísímílà. Ẹ̀jẹ̀ ló dì, ẹ̀jẹ̀ náà la ó fà. Kọ ẹ̀yìn sí mi."

Mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n n ò kọ ẹ̀yìn sí i. "Bàbá, ẹ má bínú. Èyí tó dì ò sí lẹ́yìn mi, inú ikùn lọ́hùn-ún ló wà. Oògùn tí mò ń lò ò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ojú gbẹ́rẹ́ dá. Mo lè kú."

"Ṣé èmi lò ń kọ̀ fún?"

"Abẹ yín ni mo kọ̀, Bàbá. Àdúà yín ni mo fẹ́."

Màmá mi fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Àgbà kó abẹ àti ife rẹ̀ jáde, kò sì yà sí yàrá wa mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn ará agboolé ní ìwé tí mò ń kà ní yunifásítì ti ba orí mi jẹ́. Mo sunkún, n ò ní purọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n n ò jẹ́ kí àsìkò oògùn mi yẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí wọ́n tún yẹ inú mi wò ní ọsibítù lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọ̀nà ti là, ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn kọjá. Bàbá Àgbà ò sọ pé mo jàre títí dòní, n ò sì retí ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó mú abẹ fún ẹnikẹ́ni báyìí, ó máa ń kọ́kọ́ bi í pé, "Oògùn wo lò ń lò?" Ohun tí mo rí kọ́ ni pé èèyàn lè wà lórí ìkúnlẹ̀ kó sì sọ pé rárá. Wọ́n ṣì ń pè mí ní olóríkunkun. Kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀. Mo ṣáà wà láyé láti dáhùn.