Ọ́ìlì Tó Ń Pọ̀ Sí I

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe aránṣọ kan, nítorí bó ṣe ń rọra wakọ̀. Látìgbà tí kíndìnrín ìyá rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, òun ló ń fi mọ́tò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ò jìnnà. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ kan délẹ̀, wọ́n ti dé. Ìyá a máa sinmi nínú mọ́tò títí wọ́n á fi pè é, Jẹ́jẹ́ kì í sì í pa ẹ́ńjìnnì, kí éèsì lè máa fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i lára.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fa géèjì yọ láti wo ọ́ìlì, ó sì rí i pé ọ́ìlì ti ga kọjá àmì òkè. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Mọ́tò tí kì í jẹ ọ́ìlì, ta ni ò fẹ́? Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé ìka sí imú, òórùn bẹntiróò ló gbọ́. Ó gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni mẹkáníìkì náà. Ọkùnrin náà fi ìka ra ọ́ìlì ọ̀hún wò.

"Ta ló yan èyí fún ẹ?"

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní èyí tó fẹ́lẹ́ jù ni kì í jẹ́ kí mọ́tò mu epo."

"Wọn ò parọ́. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì tìẹ, ibi tí iná ti ń jó gan-an ló ń fín epo sí, ó tún ní tọ́bò tó ń fi agbára ti atẹ́gùn sínú ẹ̀. Tí kò bá gbóná dáadáa, epo tí kò jó á máa ṣàn sínú ọ́ìlì. Èyí tó ti fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀ á wá di omi. Kí ni yóò gba irin lọ́wọ́ irin?"

"Kí ló dé tí kì í gbóná?"

"Ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ ò jìnnà. Ẹ tún ń jókòó sínú ẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró."

Ọ̀rọ̀ náà dun Jẹ́jẹ́ wọra. Atẹ́gùn éèsì tó fi ń tọ́jú ìyá rẹ̀ ló ń pa mọ́tò tó ń gbé e.

Wọ́n ṣí ìwé mọ́tò. Oríṣi ọ́ìlì méjì ni àwọn tó ṣe é fọwọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n mú èyí tó ki díẹ̀ ju ìkejì lọ, ó sì yẹ ara ike ọ́ìlì náà wò títí ó fi rí àmì ìfọwọ́sí tí ìwé béèrè.

"Ṣé ká kúkú ra èyí tó ki jù ní ṣọ́ọ̀bù?" ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Rárá o. Ìyẹn ò ní tètè dé ọ̀dọ̀ tọ́bò láàárọ̀. Kò sì sí ọ́ìlì tó lè dá epo dúró pátápátá. Máa tètè pààrọ̀ ẹ̀, kó o sì máa wà á lọ sọ́nà jíjìn kó lè gbóná."

Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn, Jẹ́jẹ́ á pa ẹ́ńjìnnì. Òógùn á bo ìyá, á máa fi gèlè fẹ́ ara rẹ̀. Nígbà kan, ọwọ́ Jẹ́jẹ́ tún ń lọ síbi kọ́kọ́rọ́.

"Fi í sílẹ̀," ni ìyá wí. "Tí mọ́tò bá kú, ẹsẹ̀ ta ni màá fi wá?"

Tí wọ́n bá ti fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń gbà relé, ìyá á sì sùn lọ ní ìjókòó ẹ̀yìn, àárẹ̀ á hàn lójú rẹ̀.

Ọ́ìlì ò pọ̀ sí i mọ́. Ṣùgbọ́n irin inú ẹ́ńjìnnì ti jẹ díẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná mọ́tò, nǹkan kan á máa dún gbá-gbá nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì.

"Ṣé ara mọ́tò wa le lónìí?" ni ìyá máa ń béèrè.

"Ara ẹ̀ le, Màámi," ni Jẹ́jẹ́ máa ń dáhùn, á sì rọra gbéra.