Síkì Tó Tẹ̀ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fẹ́ Nà Kó Tọ́

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Orí fóònù ni, mo ṣì wà níbi iṣẹ́, ó sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tí olè wà nínú ilé rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n yín wà ní gáréèjì. Wọ́n ti gbé áyọ́ọ̀nù mi lọ síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń na síkì ọmọ yín.”

Ẹ jẹ́ kí n fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, torí bí mo bá yára, èébú ni yóò kún ẹnu mi.

Houston níbí la bí ọmọ mi obìnrin sí. Inú ìlú tí a kì í rí yìnyín yìí náà ló wà tó fi lọ fẹ́ràn eré orí yìnyín. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ló mú un lọ sí Colorado lẹ́ẹ̀kan, láti ìgbà náà ni kò ti sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ ju síkì lọ, àwọn pátákó gígùn méjì tí wọ́n ń so mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí yìnyín. Kò bá àwọn tó ń já ṣòòrò bọ̀ láti orí òkè ṣe. Ọgbà eré ni tirẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi yìnyín mọ òkìtì kí èèyàn lè fò, tí wọ́n sì ri ọ̀pá irin mọ́lẹ̀ kí èèyàn lè yọ̀ lórí rẹ̀, bí ọmọdé tó ń yọ̀ lórí irin àtẹ̀gùn.

Mo bá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá títì márosẹ̀. Ó mú síkì kan, ó fi ọwọ́ tẹ àárín rẹ̀, ó dá a padà.

“Dádì, eléyìí le jù. Kò ní ṣeré.”

“Pátákó ń ṣeré?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ wò ó. Tó bá tẹ̀ sókè níwájú, tó tún tẹ̀ sókè lẹ́yìn, mo lè fi ẹ̀yìn rìn, mo lè yí po, kò ní há sínú yìnyín.”

Èyí tó tẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi, tó sì rọ̀ létí méjèèjì, ló mú. Wọ́n ti mú òun náà mọ́ àwọn tí yóò ṣeré níwájú èrò ní Colorado nígbà ìsinmi ilé-ìwé, kò sì ṣe irú ẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tó fi ń yan síkì bí ẹni tó ń yan ọkọ.

Ní ìdílé wa, a kì í lo nǹkan tuntun láìjẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi gbàdúrà sí i. Ì báà jẹ́ mọ́tò, ì báà jẹ́ fìríìjì. Rosenberg, nítòsí Houston, ló ń gbé, ẹnjiníà sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó wá sílé wa ní Mission Bend, ìyàwó mi gbé síkì síwájú rẹ̀. Kàkà kó gbàdúrà, ó di ojú kan, ó fi ìkejì wò ó láti ìdí dé orí bí káfíńtà, ó ní, “Wọ́n ti lu ọmọ yìí ní jìbìtì! Pátákó tó ti wọ́ ni wọ́n tà fún un.”

Ṣíọ̀! Ohun tí mo bá ní gáréèjì nígbà tí mo délé, ó ń rí mi lára títí dòní. Síkì nà gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì. Àpò ìrẹsì wà lórí imú rẹ̀, páálí páńla wà lórí ìrù rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì epo pupa sì jókòó lé páálí lórí. Kẹ́ẹ̀gì náà ń jò. Epo ti gba inú páńla kọjá, ó kó òórùn rẹ̀ dání, ó sì ṣàn wọ abẹ́ síkì. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ ọ́ bí ẹni tó ń lọ agbádá. Ọ̀dà ojú rẹ̀ ti ń hó. Òórùn rọ́bà jíjó pẹ̀lú ti páńla: mo fi ọwọ́ bo imú.

“Ẹ̀gbọ́n, bó ṣe tẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣe é.”

“Ta ló kàwé ẹ̀rọ nínú àwa méjèèjì?”

“Ẹ̀yin ni, ṣùgbọ́n...”

“Ṣùgbọ́n kí ni? Ṣé o fẹ́ kí ọmọ fi nǹkan wíwọ́ dá ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ni? Gbé àpò ìrẹsì kejì wá, jàre.”

Ibẹ̀ la wà tí ọmọ náà fi wọlé. Ó wo síkì, ó wò mí. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sí i. “Ìyàwó mi, wá dúpẹ́! Dádì Àgbà rẹ ti gbà ọ́ lọ́wọ́ àwọn gbájúẹ̀.”

Ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn mi pé, “Kúnlẹ̀, jọ̀wọ́.”

Ọmọ náà kúnlẹ̀ sínú epo. “Ẹ ṣé, sà.”

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi wá rántí àdúrà. Ó gbà á gùn, àwa náà ń ṣe àmín, epo ń kán. Irú ọpẹ́ wo nìyẹn? Kí ẹnìkan ba nǹkan rẹ jẹ́, kí o tún fi orúnkún sọ fún un pé ó ṣeun!

Nígbà tí a gbé síkì náà padà sí ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin tó ń tajà gbóòórùn rẹ̀, ó sún sẹ́yìn. Ó fi èékánná ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ṣí bí ìwé. Kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ní Colorado, ọmọ mi lọ háyà síkì, ṣùgbọ́n èyí tó le, tó sì gùn gbọọrọ, nìkan ló kù. Níbi ọ̀pá irin àkọ́kọ́ ló ti ṣubú, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tó ń ṣeré. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó ń ya fídíò àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Kò tíì tú ẹrù tán tí ẹ̀gbọ́n mi fi pè é.

“Ìyàwó mi! Ṣé ó lọ tààrà?”

Ó wo ìyá rẹ̀. “Ó lọ tààrà, sà.”

“Mo wí bẹ́ẹ̀!”

Kò sí ìkómọ tí kì í ti í sọ ọ́ báyìí, bí òun ṣe na síkì òyìnbó tó fi tọ́. Àwọn èèyàn a pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi a yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n má baà tutọ́.

Ọmọ náà ti tún ń yan síkì mìíràn, èyí tó sì ń wò báyìí tẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyá rẹ̀ ní dandan ni ká fi han ẹ̀gbọ́n mi, kó má baà dà bí ẹni pé a rí àgbà fín. Ẹ̀gbọ́n mi pàápàá ti ń béèrè ọjọ́ tí a máa gbé e wá. Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, tó bá jẹ́ pé ọmọ tìrẹ ni, ṣé wàá gbé e fún un kó gbàdúrà sí i?