Òróró Lára Táyà

Láàárọ̀ àná, dírẹ́bà tó ń gbé ọmọ mi lọ sílé ìwé fi òróró àdúrà pa táyà ọkọ̀ rẹ̀. Bí òórùn rẹ̀ ṣe dà pọ̀ mọ́ ti epo dísẹ́ẹ̀lì, mo ní kí ọmọ mi sọ̀kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rìn láti Ajégúnlẹ̀ gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún bàbá mi, tó ń wa tírélà, ní ọgbà ọkọ̀ wọn ní títì Liverpool, nítòsí èbúté. Mo bá gbogbo òṣìṣẹ́ níbi àdúrà. Ọ̀gá wọn, tí wọ́n ń pè ní Dádì, mú ìgò òróró dání.

"Ẹ jọ̀ọ́ Dádì, búréèkì yìí ò mú mọ́," ni bàbá mi wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ kí n tó gbéra."

"Ẹbí ni wá níbí," ni Dádì dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ṣé bàbá á fọmọ ẹ̀ sínú ewu ni? Àbí o mọ̀ ju Ẹ̀mí Mímọ́ lọ?"

"Wòlíì búréèkì," ni ẹnìkan wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Dádì ní ọmọ kì í já bàbá rẹ̀ nírọ́ ní gbangba, kó dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì. Bàbá mi wò mí, ó sì dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tí epo dúdú ti rin. Ìgbà tí mo bímọ ni mo tó mọ̀ pé torí tèmi ni kò ṣe fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Dádì fi òróró ya àgbélébùú sára táyà kọ̀ọ̀kan. Mo kà á, méjìdínlógún ni. Àmín tèmi ló dún jù.

Búréèkì kọ̀ fún un ní ibùdókọ̀ Coconut, kò sì délé mọ́. Níbi ìsìnkú, Dádì ní àìgbàgbọ́ ló pa á.

Mo ṣe Àmín sí ìyẹn náà.