Okùn Aṣọ Hortensia

Ọjọ́ tí Don Fermín gbé àga sí àárín títì ìlú Cahuita, ọkọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjìlá ló tò sẹ́yìn ara wọn. Àwọn kan ní mẹ́ta péré ni. Àwọn yẹn ò sí níbẹ̀.

“Bàbá, ṣé àárín títì lẹ fẹ́ kú sí ni?” awakọ̀ iwájú pariwo.

“Fara balẹ̀, ọmọ mi. Obìnrin kan ni mò ń dúró dè.”

Kíá, ọ̀rọ̀ ti dé ilé ìdáná Hortensia, ìyàwó rẹ̀. Ó fi ìrẹsì olómi àgbọn sílẹ̀ lórí iná, ó sáré dé títì tòun ti ṣíbí lọ́wọ́. Kò rí obìnrin kankan. Abo ẹranko orí igi tí gbogbo wa ń pè ní ọ̀lẹ, torí pé kì í yára rìn, ló rí, tó ń wọ́ nílẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ọmọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn láyà.

“Princesa nìyí,” Fermín ní. “Ẹ kí ara yín.”

“Ogójì ọdún!” Hortensia fi ṣíbí na afẹ́fẹ́. “Ogójì ọdún tí o ti fẹ́ mi, o máa ń fi mí sílẹ̀ lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì torí pé mi ò yára rìn!”

Ìrẹsì jóná lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n inú Hortensia ló rú èéfín jù.

Láti ìgbà yẹn ló ti ń pe Princesa ní orogún òun, kò sì jẹ́ dé ìdí igi rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ẹranko náà máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, Ọjọ́bọ̀ sì ni. Tó bá ti di Ọjọ́bọ̀, Fermín á gbá ìdí igi, á fá irùngbọ̀n. Ní Ọjọ́ Ìsinmi, ńṣe ló ń sá fún abẹ.

Nígbà tí wáyà iná pa ọ̀lẹ kan, Fermín ní òun máa ta okùn sókè títì kí wọ́n lè máa gba orí rẹ̀ kọjá. Kò rí okùn, ló bá já èyí tí Hortensia ń sá aṣọ sí. Ojú rẹ̀ tó ti ń ṣe bàìbàì ò rí yẹ̀rì pupa ìyàwó rẹ̀ lórí okùn náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni yẹ̀rì fi ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè títì. Bí fádà bá ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, á ṣí fìlà.

“O já okùn mi nítorí ẹranko!”

“Tencha mi,” bó ṣe máa ń pe Hortensia nìyẹn, “gbọ́. Nígbà ayé bàbá mi, a máa ń ka ogún wọn ká tó dé etí òkun. Oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ gba igi wọn, wáyà ń pa ìyókù. Ewéko ń hù lára irun Princesa, àfòpiná ń gbé inú rẹ̀. Tí ọ̀kan bá kú, odindi agbo ilé ló jóná. Tí wọ́n bá tán, ẹ̀yìn ìwé nìkan ni àwọn ọmọ-ọmọ wa ti máa rí wọn.”

“Tí èmi bá kú ńkọ́? Ẹ̀yìn ìwé wo ni wọn ó ti rí mi?”



Fermín kú ní oṣù òjò. Lọ́jọ́ kẹsàn-án tí àdúrà òkú parí, Hortensia mú àdá. “Okùn mi ni mò ń lọ gbà,” ó ní.

Ìdí igi Princesa ló gbà lọ síbi okùn náà. Àga méjì ló bá. Ọ̀kan ti gbó, ti Fermín nìyẹn. Lórí èkejì ni ìrọ̀rí Hortensia fúnra rẹ̀ wà, ìrọ̀rí tó ti ń wá láti ọdún mẹ́rin. Àga náà ṣì tuntun, kò sẹ́ni tó jókòó lé e rí.

Nígbà tó máa gbójú sókè, ó rí i pé ìjì ti já okùn. Princesa wà nílẹ̀, ó ń wọ́ lọ sí títì, ọkọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ń bọ̀. Hortensia ju àdá nù, ó gbé àga onírọ̀rí, ó lọ fi jókòó sí àárín títì.

“Màmá! Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?”

“Dúró, ọmọ mi. Orogún mi ń kọjá.” Ó na ọrùn wo ẹ̀yìn ọkọ̀. “Okùn ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ yẹn, ṣé ó yi?”

Okùn náà ló wà lókè títì títí dòní. Hortensia fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n so yẹ̀rì pupa mọ́ àárín rẹ̀, kí àwọn awakọ̀ lè tètè rí i. Tí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ẹ rọra. Ẹ ó rí ìyá arúgbó kan ní ìdí igi tí wọ́n ti gbá mọ́ tónítóní, àga kan tó ti gbó á ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá náà á sì máa bá àga Fermín jà.