Ìyá Táyà àti Iṣẹ́ Méjì Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Kan Náà

Bí bẹ́ẹ̀dì onítáyà bá ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà, tí táyà rẹ̀ kò han, tí kò sì forí gbá ilẹ̀kùn kankan, kò sí ẹni tí í béèrè ẹni tí ń tì í bọ̀. Ìyá Táyà ni. Àwọn mìíràn a máa ti aláìsàn bí ẹni ń ti ọmọláńke. Òun ní tirẹ̀, ìgò epo kékeré kan kì í kúrò nínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ní àárọ̀, kí ó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, yóò kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, yóò yọ irun àti fọ́nrán òwú tó wé mọ́ ẹsẹ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò sì kán epo sí wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bẹ́ẹ̀dì ló ń kí kú àárọ̀ kí ó tó kí ọ̀gá.

Ọdún mẹ́rìnlá ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ibi tí ó máa ń ti àwọn aláìsàn lọ jù ni yàrá ẹ́síréè, níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán egungun. Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, ẹlòmíràn á jáde wá gba bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn á padé, òun á sì jókòó sórí àga onírin kan níta títí wọn yóò fi ṣe tán. Láti ọdún mẹ́rìnlá, kò kọjá àga yẹn rí. Ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ tí ẹsẹ̀ kò dé, a máa dun ènìyàn.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ yàrá ìjẹun. Ilé ìwòsàn ń wá ènìyàn méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí wọn yóò kọ́ ní iṣẹ́ ẹ́síréè. Ẹni náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kọ, kó mọ̀ ọ́n kà. Kò gbọdọ̀ tíì pé ọdún márùndínláàádọ́ta. Ó sì gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò fìsíìsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ wọn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ìyá Táyà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ó ka ọjọ́ orí ara rẹ̀ lórí ìka. Oṣù mẹ́rin ló kù kí ó pé ọdún márùndínláàádọ́ta. Bí èyí bá fi lè kọjá lára rẹ̀, ó kọjá nìyẹn.

Alágbàfọ̀, ọkùnrin tó ń fọ aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn, ló kọ́kọ́ rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn tó fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Orúkọ tirẹ̀ náà wà níbẹ̀.

"Ìyá Táyà! Ṣé ẹ mọ̀ pé fìsíìsì kì í ṣe oríṣi táyà?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Ìyá Táyà dá a lóhùn. "Bó bá jẹ́ táyà ni, ẹnu rẹ ni ǹ bá kọ́kọ́ kán epo sí, kó yé han."

Yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ ibùsùn sí ni wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Aṣọ funfun tí wọ́n ká lélẹ̀ ga dé òkè àjà lọ́tùn-ún lósì, òórùn ọṣẹ àti ti áyọ́ọ̀nù gbalẹ̀ kan, pátákó ìkọ̀wé sì fara ti ìdí àwọn aṣọ náà. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Olùkọ́ wọn jẹ́ obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá Tísà. Ara rẹ̀ kéré, ohùn rẹ̀ tóbi, ó sì fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ohun kan wà tí kò lè fara dà: kí ènìyàn dá iye kan kà láìsọ ohun tí ó ń kà. Bí ẹnìkan bá ní, "Ogún ni," yóò yíjú sí i: "Ogún kí ni? Ogún bẹ́ẹ̀dìṣíìtì?"

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ geere. Wọ́n kọ́ nípa ọ̀nà jíjìn àti eré, bí a ṣe ń mọ iye mítà tí nǹkan ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n dé orí ipá, ohun tí ń ti nǹkan tàbí tí ń fà á. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkọ Ìyá Táyà ṣí ìwé rẹ̀ wò, ó sì fà sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò.

"Ìyá wọn, ẹ̀kọ́ nípa ìpá ni wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀?"

"Ìpá wo? Ipá ni! Ipá tí ń ti nǹkan!"

"O ò fi àmì sí i. Èmi tiẹ̀ ti ń wo ara mi."

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Táyà ti ń fi àmì sórí gbogbo ohun tó bá kọ, títí kan orúkọ ara rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wàhálà dé. Màmá Tísà kọ ọ̀rọ̀ kan gàdàgbà sójú pátákó: IṢẸ́.

"Ẹ fi iye mítà tí nǹkan sún lọ sọ iye ipá tí ẹ fi tì í di púpọ̀. Ohun tí ẹ bá rí ni fìsíìsì ń pè ní iṣẹ́. Ìyẹn ni pé, bí ẹ bá ti nǹkan títí ilẹ̀ fi ṣú, tí nǹkan náà kò kúrò lójú kan, ẹ kò ṣiṣẹ́ kankan lórí rẹ̀."

Ìyá Táyà nawọ́ sókè. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Màmá Tísà tún un sọ.

"Ẹ gbọ́ ná, Màmá. Lọ́jọ́ Ajé, lífítì ò ṣiṣẹ́. Mo gba orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn, bàbá kan tó sanra dáadáa wà lórí bẹ́ẹ̀dì. A débẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn òkè pa. Mo fi àyà ti bẹ́ẹ̀dì yẹn fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó má baà yí padà sísàlẹ̀. Kò sún tó èékánná. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, apá ń ro mí. Mi ò ṣiṣẹ́?"

"Lórí bẹ́ẹ̀dì, òdo ni," ni Màmá Tísà wí, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì ya òdo kan tó yí rogodo.

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Alágbàfọ̀ ní, "Kí wọ́n wá sọ fún bàbá yẹn pé kó má dúpẹ́ mọ́ o!"

Ìyá Táyà kò rẹ́rìn-ín. Ó pa ìwé rẹ̀ dé. "Ẹ̀kọ́ tó bá ní èmi ò ṣiṣẹ́, èmi náà ò ní í kọ́ ọ." Ó jáde, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ ti dé ṣáájú, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú abọ́ omi gbígbóná. Aṣọ́nà ni, ní géètì ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike, orí ìdúró ló sì ń wà láti àárọ̀. Ìyá Táyà jókòó tì í.

"Bàbá wọn, ọdún mélòó lẹ ti ń dúró ní géètì yẹn?"

"Mẹ́rìndínlógún. Kí ló dé?"

"Ẹ ò tíì ṣiṣẹ́ kankan."

Ọkọ rẹ̀ yọ ẹsẹ̀ kan nínú omi. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Fìsíìsì ni."

"Ọmọ ta ni? Kó wá bá mi lẹ́nu géètì!"

Ìyá Táyà ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, inú bí i díẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wá gbọ́ pé ìyàwó rẹ̀ kò padà síbẹ̀ mọ́, ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀.

"Ọkàn mi ò gbà á ni," ni Ìyá Táyà wí. "Bí wọ́n bá bi mí nínú ìdánwò, òótọ́ tí mo mọ̀ ni màá kọ, wọn á sì fún mi ní òdo. Kí ni mo fẹ́ máa dara mi láàmú sí?"

"Oṣù mẹ́rin ló kù fún ẹ. Àga onírin yẹn, láti ọdún mẹ́rìnlá, kò sí irú ẹjọ́ ẹ̀ tí o ò tíì rò fún mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wá fẹ́ dá ẹ padà sórí ẹ̀?" Ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ. "Mò ń tètè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. A jọ ń lọ ni. Kí obìnrin yẹn wí i lójú mi."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ní Ọjọ́bọ̀, ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e wọ yàrá ẹ̀kọ́ náà tòun ti aṣọ iṣẹ́, fìlà rẹ̀ le lórí, bọ́tìnnì rẹ̀ pé. Ó dúró ṣánṣán.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Màmá. Èmi ni ọkùnrin tí kò tíì ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rìndínlógún."

Ẹ̀rín mú Màmá Tísà títí awò ojú rẹ̀ fi já bọ́ sórí àyà. Nígbà tó rí ara rẹ̀ kó jọ, ó ní kí Alágbàfọ̀ bu omi sínú garawa kan, kí ó sì gbé e sórí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn aṣọ. Kílò mẹ́wàá ni.

"Ọ̀gá, ẹ gbé e nílẹ̀ dé ibi tí mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí yìí. Mítà kan ni." Ọkọ gbé e. "Ó dáa. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó bí ọgọ́rùn-ún júùlù. Júùlù ni a fi ń ka iṣẹ́, bí a ṣe ń fi mítà ka ọ̀nà."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ni ọkọ wí, "kí ẹ sì kọ orúkọ mi sí i."

"A ó kọ ọ́. Ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀."

Màmá Tísà yíjú sí pátákó, ó ń bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí ẹnìkan níbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Ìṣẹ́jú méjì. Apá ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn ń já bọ́ ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ni Màmá Tísà béèrè, "kí ni garawa yẹn ti jèrè láti ìgbà tó ti wà lókè? Ṣé ó tún ga sí i?"

"Rárá."

"Ṣé ó ń sáré?"

"Rárá."

"Ṣé omi inú rẹ̀ yàtọ̀ sí bó ṣe wà?"

"Ó ti dín," ni ọkọ wí pẹ̀lú èémí díẹ̀díẹ̀. "Ó wà nínú bàtà mi."

"Ibo wá ni agbára Ọ̀gá wọlé sí?"

Ìyá Táyà ti dìde, ó ń fi ìnujú nu iwájú orí ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró níbẹ̀.

"Ó gbóná," ló sọ jẹ́jẹ́. "Màmá, ara rẹ̀ ló wọlé sí. Ooru ni."

"Káre! Iṣan apá kì í dúró lásán. Ó ń sún kì, ó ń tú, ó ń jó oúnjẹ tó jẹ ní àárọ̀, ooru ló sì ń dà. Ọ̀gá ti lo agbára, mi ò jiyàn. Ó ti ṣe wàhálà, mo rí i. Ṣùgbọ́n garawa kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Ohun tí garawa bá gbà ni fìsíìsì ń kà. Kò ka òógùn."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kalẹ̀ ná," ni ọkọ wí, "kẹ́ ẹ tó máa ṣàlàyé."

Bí garawa ti ń kan ilẹ̀ ni Ìyá Táyà pàtẹ́wọ́. Ó rántí àwọn obìnrin méjì kan tí wọ́n wà ní wọ́ọ̀dù kan náà lọ́dún tó kọjá. Orúkọ wọn kò fi lẹ́tà kan yàtọ̀. Ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin ń dúró de iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀, ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án ń dúró de ọmọ rẹ̀ kó wá mú un lọ sílé. Díẹ̀ báyìí ló kù kí ó ti ẹni tó ń lọ sílé lọ sábẹ́ ọ̀bẹ. Láti ọjọ́ yẹn, kì í ti ẹnikẹ́ni mọ́ láìka ohun tí wọ́n kọ sí ìdè ọrùn ọwọ́ onítọ̀hún.

"Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́," ló kígbe, "bẹ́ẹ̀dì wọn yàtọ̀! Iṣẹ́ tiwa wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin, iṣẹ́ fìsíìsì wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án. Orúkọ ni mo gbọ́ tí mo fi gbára dì, mi ò wo ọrùn ọwọ́!"

Màmá Tísà na ṣọ́ọ̀kì sí i, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó lè ráyè kọ ọ́ sójú pátákó.

Ẹ̀kọ́ wá ń yé e lẹ́yìn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rọrùn. Ọ̀rọ̀ tuntun kan kì í dé kí ó má béèrè bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Agbára, èwo? Ṣé ti olóyè ni, àbí èyí tó wà nínú oúnjẹ àti iná? Ìwúwo, èwo? Ọkọ rẹ̀ náà kò jẹ́ kó sinmi. Bí ó bá ń bọ́ bàtà, á ní, "Ìyá wọn, iṣẹ́ mélòó ni mo ṣe lónìí?" Ìyàwó á ní, "Ẹ gun àkàbà ilé yìí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀."

Ọjọ́ ìdánwò pé. Mẹ́rìnlá ni àwọn tó jókòó, torí àwọn kan dá ìwé kà wá. Èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ kò dẹ́rù bà á: ẹnìkan fi ipá ọgọ́ta níútìn, èyí tí a fi ń ka ipá, ti bẹ́ẹ̀dì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gùn ní ogójì mítà. Ó kọ egbèjìlá júùlù, ó fi àmì sórí rẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ti ẹnu ló kù. Olórí ẹ̀ka ẹ́síréè fúnra rẹ̀ ló jókòó lẹ́yìn tábìlì, ọkùnrin gíga kan tí kì í yára rẹ́rìn-ín.

"Mo máa ń rí yín, Ìyá. Bí ẹ bá ń ti bẹ́ẹ̀dì bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ló dé tí ẹ fi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sẹ́yìn nígbà tí kọ̀nà ṣì jìnnà?"

"Bí n ò bá fà á, sà, ògiri á bá mi dá a dúró."

"Ògiri mọ fìsíìsì nìyẹn. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ìyá Táyà gbé ọwọ́ méjèèjì lé orókún. Ó mọ ìdáhùn náà nínú apá rẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlá. Ẹnu ló ń wá ọ̀nà.

"Nǹkan tó bá ti ń lọ, sà, lílọ ló fẹ́ máa lọ, ní eré kan náà, tààrà, àfi bí ipá kan bá dá a dúró tàbí tó bá yí i. Bí kílò rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ipá tó máa dá a dúró kíákíá ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Ipá ògiri pọ̀, ti apá mi kéré. Mo máa ń tètè bẹ̀rẹ̀, kí ipá kékeré lè ráyè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́..." Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ má bínú, sà. Kó lè ráyè pẹ́ lára bẹ́ẹ̀dì ni mo fẹ́ sọ. Iṣẹ́ ti bẹ́ẹ̀dì kẹrin ló fẹ́ yọ sí mi lẹ́nu."

Ọkùnrin náà kò mọ ohun tí bẹ́ẹ̀dì kẹrin ń wá níbẹ̀, kò sì béèrè. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀.

Wọ́n lẹ èsì jáde lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì ló ṣe ipò kìíní. Alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ ka ti ipò kejì, ó sì sáré la ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó ń pariwo débi tí àwọn aláìsàn fi ń dìde jókòó: "Ìyá Táyà ni! Ìyá Táyà wa ni!" Òun fúnra rẹ̀ ṣe ipò keje, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà yóò rò pé òun ló borí gbogbo wọn.

Ní ọjọ́ Ajé, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, olórí ẹ̀ka ẹ́síréè yẹn fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn yàrá ẹ́síréè fún un. Ó mú aṣọ ìbora kan tí wọ́n fi òjé sí nínú, kí ìtànṣán ẹ́síréè má baà dé ara, kúrò lórí ìkọ́, ó nà án sí i.

"Ẹ wọ èyí. Ó wúwo o."

Ìyá Táyà gbà á, ó fi ọwọ́ méjèèjì wọ̀n ọ́n wò. "Kílò mélòó ni, sà?"

"Mẹ́fà."

Ó gbé e kọ́ ọrùn, ó so okùn rẹ̀ lẹ́yìn, ó sì wọlé.